Thelma Ritter: Ta Ni Yóò Sin Elégbè?

Ìbéèrè méjì ni mo gbé wá lọ́tẹ̀ yìí. Àkọ́kọ́: nínú ìtàn tí ẹ ń kọ, ta ló ń rí òótọ́ kí ẹlòmíì tó rí i? Ìkejì: bí ẹni náà bá ti sọ òótọ́ ọ̀hún tán, kí lẹ wá ń fi í ṣe? Mo béèrè nítorí pé gbogbo wa la mọ bí a ṣe ń ṣe é ní kíláàsì. Bí wọ́n bá ní ká sọ̀rọ̀ lórí ìfìwàwẹ̀dá, olú ẹ̀dá-ìtàn la ó kọ ojú ewé mẹ́ta lé lórí. Ọmọ ọ̀dọ̀, awakọ̀ àti ìyá arúgbó inú eré, ìlà méjì ti tó wọn. Òṣèré tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí, inú ìlà méjì yẹn gan-an ló ti ṣiṣẹ́ títí tó fi kú.

Thelma Ritter lorúkọ rẹ̀. Brooklyn ní ìlú New York ni wọ́n bí i sí, lọ́jọ́ kẹrìnlá oṣù kejì ọdún 1902. Ó kú ní 1969. Ẹ̀ẹ̀mẹfà ni wọ́n fi orúkọ rẹ̀ sílẹ̀ fún ẹ̀bùn Oscar, ẹ̀bùn ti obìnrin tó ṣe amúgbálẹ́gbẹ̀ẹ́ nínú eré, fún àwọn fíìmù ọdún 1950, 1951, 1952, 1953, 1959 àti 1962. Ẹ̀ẹ̀mẹfẹ̀ẹ̀fà ló padà sílé lọ́wọ́ òfo. Josephine Hull gbà á mọ́ ọn lọ́wọ́, Kim Hunter gbà á, Gloria Grahame gbà á, Donna Reed gbà á, Shelley Winters gbà á. Nígbà tó máa kù díẹ̀ káàtó pátápátá, Patty Duke, ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún, ló tún wá gbà á lọ. Ẹ ò rí nǹkan!

Ṣùgbọ́n kì í ṣe pé mo fẹ́ bá a sunkún ẹ̀bùn. Ẹ̀bùn ò lè sọ eré burúkú di rere, àìrí i gbà ò sì ba eré rere jẹ́. Ohun tó mú mi mú bírò ni pé bí mo ṣe ń wo àwọn fíìmù rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan lórí kọ̀ǹpútà, ohun kan náà ló ń hàn sí mi. Àwọn tó kọ eré máa ń fi òótọ́ ìtàn sí i lẹ́nu, lẹ́yìn náà wọn á tì í sẹ́yìn ilẹ̀kùn. Àwa tí à ń kọ́ lítíréṣọ̀ alohùn mọ lílé, a sì mọ ègbè. Bí kò bá sí ègbè, ńṣe ni apohùn á dà bí ẹni tó ń dá sọ̀rọ̀ lójú títì. Síbẹ̀, bí apohùn bá kú, gbogbo ìlú ló ń gbọ́. Bí elégbè bá kú ńkọ́? Ta ní ń béèrè? Nínú gbogbo fíìmù Ritter tí mo wò, ọ̀kan ṣoṣo ló béèrè ìbéèrè yẹn tó sì dáhùn rẹ̀. Òun ni mo fẹ́ fi wọn àwọn yòókù.

Ẹ jẹ́ ká mú un láti ìbẹ̀rẹ̀. American Academy of Dramatic Arts ni Ritter ti kọ́ṣẹ́. Ó ṣeré orí ìtàgé, ó fẹ́ Joseph Moran, ó bímọ méjì, ó sì fi eré sílẹ̀ fúngbà díẹ̀ láti tọ́ wọn. Nígbà tó padà sẹ́nu iṣẹ́, rédíò ló ti ń ṣeré. Ìgbà tí sinimá máa fi rí i lò, ó ti di ẹni ọdún márùnlélógójì. Miracle on 34th Street ni fíìmù náà, George Seaton ló darí rẹ̀, ọdún 1947 ló jáde. Iṣẹ́ ìṣẹ́jú díẹ̀ péré ni. Wọn ò tilẹ̀ kọ orúkọ rẹ̀ mọ́ ti àwọn òṣèré yòókù. Ìyá kan ni nínú eré náà, tó ti wá ohun ìṣeré kan kiri fún ọmọ rẹ̀ títí ó fi rẹ̀ ẹ́. Bàbá Kérésìmesì tó jókòó sí ilé ìtajà Macy's wá júwe ilé ìtajà mìíràn tó ti lè rí i rà. Ilé ìtajà tó ń darí oníbàárà sọ́dọ̀ ẹlòmíì! Ẹnu ya ìyá yìí. Kò gbà á gbọ́ lójú ẹsẹ̀, nítorí ojú ẹni tí ọjà ti rẹ́ jẹ rí ló gbé wá. Nígbà tó gbà á gbọ́ tán, ó wá ọ̀kan nínú àwọn ọ̀gá ibẹ̀ lọ, ó sì sọ fún un pé láti ọjọ́ náà lọ, oníbàárà wọn lòun.

Ẹ ṣàkíyèsí ohun tó ṣẹlẹ̀ níbẹ̀. Gbogbo ìtàn náà dúró lórí bóyá òótọ́ sísọ lè ta ọjà. Obìnrin tí kò lórúkọ yìí ló kọ́kọ́ mú ìdáhùn wá. Ó mú un wá tán, ó gbé ẹrù rẹ̀, ó bọ́ síta. Bí iṣẹ́ rẹ̀ ní Hollywood ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn, bẹ́ẹ̀ náà ló sì ṣe ń lọ.

Ohùn rẹ̀ ńkọ́? Láyé ìgbà náà, ọ̀pọ̀ òṣèré Hollywood ni wọ́n kọ́ ní ohùn kan tí kì í ṣe ti ìlú ẹnikẹ́ni, tí kì í ṣe ti Lọ́ńdọ̀nù, tí kì í sì í ṣe ti New York. Ritter ò fọ ohùn Brooklyn kúrò lẹ́nu. Ó dà bí akéwì tó takú ti ẹ̀ka-èdè ìlú rẹ̀ níbi tí gbogbo èèyàn ti ń sọ Yorùbá àjùmọ̀lò. Ṣùgbọ́n ohùn nìkan kọ́. Ohun tí mo fẹ́ kí àwa akéwì kọ́ lára rẹ̀ ni bó ṣe ń gbé gbólóhùn kalẹ̀. Kì í sáré lọ síbi ẹ̀rín. Á sọ ọ̀rọ̀ náà bí ẹni tó ń sọ iye tí wọ́n ń ta ata, á sì ti yíjú padà sí iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ kó tó di pé ẹ rẹ́rìn-ín. Ọwọ́ rẹ̀ kì í dilẹ̀. Ó lè máa ká aṣọ, ó lè máa gbé oúnjẹ, ó lè máa fọwọ́ ra ẹ̀yìn aláìsàn. Àárín iṣẹ́ yẹn lọ̀rọ̀ ti ń bọ́ sílẹ̀. Èyí ló jẹ́ kí òótọ́ ẹnu rẹ̀ má dà bí ìwàásù.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká dé orí All About Eve, tí Joseph L. Mankiewicz kọ tó sì darí ní 1950. Fíìmù ńlá ni. Wọ́n fi orúkọ rẹ̀ sílẹ̀ fún Oscar lọ́nà mẹ́rìnlá, ó sì gba mẹ́fà. Margo Channing, gbajúmọ̀ òṣèré orí ìtàgé tí Bette Davis ṣe, ni gbogbo ayé ń wò. Ritter ni Birdie, obìnrin tó ti ṣe eré àríyá rí, tó wá ń bá Margo wọṣọ tó sì ń tọ́jú rẹ̀. Lálẹ́ ọjọ́ kan, ọmọbìnrin kan tó ń jẹ́ Eve wọlé wá, ó sì ro ìtàn ìbànújẹ́ ayé rẹ̀ fún wọn. Àánú ṣe gbogbo wọn. Birdie náà gbọ́, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ẹ̀fẹ̀ ló fi dá a lóhùn, bí ẹni tó mọ̀ pé ìtàn tó bá dùn tó báyìí, ẹnìkan ló jókòó kọ ọ́. Ni Margo bá jágbe mọ́ ọn pé òṣèré àríyá lásánlàsàn bíi tirẹ̀ kò lè mọ irú ìyà bẹ́ẹ̀. Margo fẹ́ bá a tọrọ àforíjì, Birdie ò gbà. Ó ní òun ò nílò ẹni tó máa bá òun tọrọ àforíjì, ó sì fẹnu ara rẹ̀ bẹ Eve. Nínú àforíjì yẹn náà, ẹ ó gbọ́ ohùn ẹni tó mọ iyì ara rẹ̀.

Láìpẹ́, Margo fúnra rẹ̀ bi í bóyá kò fẹ́ràn Eve. Birdie là á mọ́lẹ̀: ńṣe ni Eve ń kọ́ Margo bí ẹni ń kọ́ ìwé, ìrìn rẹ̀, ọ̀rọ̀ rẹ̀, oúnjẹ rẹ̀, títí dé oorun rẹ̀. Ohun tí àgbà rí lórí ìjókòó, bí ọmọdé gun igi, kò lè rí i. Gbogbo ohun tí Eve padà ṣe lẹ́yìn náà, Birdie ti sọ ọ́ tán kí fíìmù tó dé ìdajì. Kí wá ni èrè rẹ̀? Wọ́n ṣe àríyá nílé Margo, Birdie wà níbẹ̀, lẹ́yìn ìyẹn kò sẹ́ni tó tún gbúròó rẹ̀ mọ́. Kò kú. Kò rìnrìn àjò. Wọn ò lé e lẹ́nu iṣẹ́. Ìtàn kàn gbàgbé rẹ̀ ni.

Ẹlòmíì á ní ó yẹ bẹ́ẹ̀, pé ó di dandan kí Margo dá wà kí ìkà Eve tó wọ̀ ọ́ lára. Mo gbà. Ṣùgbọ́n ìyàtọ̀ wà láàárín kí òǹkọ̀wé mú èèyàn kúrò nínú ìtàn àti kó gbàgbé rẹ̀ sínú yàrá aṣọ. Bí Margo bá lé Birdie lọ nítorí òótọ́ tó sọ, ìyẹn á jẹ́ ìtàn. Bí Birdie bá fẹsẹ̀ ara rẹ̀ lọ, ìtàn ni. Mankiewicz ò ṣe èyíkéyìí. Eré tó fi gbogbo ara sọ̀rọ̀ nípa bí wọ́n ṣe ń lo èèyàn tán tí wọ́n á sì jù ú nù, òun náà lo Birdie tán, ó sì jù ú nù. Mo fẹ́ràn fíìmù yìí gan-an, ṣùgbọ́n bí a bá ń sunkún, à máa ríran.

Alfred Hitchcock ṣe é dáa ju bẹ́ẹ̀ lọ nínú Rear Window ní 1954. Jeff, ayàwòrán tí James Stewart ṣe, jókòó sórí kẹ̀kẹ́ arọ, POP lẹ́sẹ̀, iṣẹ́ rẹ̀ kò ju kó máa yọjú wo ilé àwọn aládùúgbò láti ojú fèrèsé. Ritter ni Stella, nọ́ọ̀sì tí ilé-iṣẹ́ adójútòfò ń rán sí i. Láti ọjọ́ àkọ́kọ́ ló ti kìlọ̀ pé yíyọjú yìí á kó o sí ìjàngbọ̀n. Ó ní láyé àtijọ́, irin gbígbóná ni wọ́n fi ń yọ ojú irú wọn. Ìkìlọ̀ ọmọ ọ̀dọ̀ náà tún nìyẹn, àbí? Ṣùgbọ́n ẹ dúró ná. Nígbà tí Jeff bẹ̀rẹ̀ sí í fura pé ọkùnrin kan lódìkejì ti pa ìyàwó rẹ̀, Stella tó ń kìlọ̀ náà bọ́ sí ojú fèrèsé. Jeff fẹ́ jẹun àárọ̀, Stella ń rò ó sókè níwájú oúnjẹ rẹ̀ ibi tí apànìyàn náà ti lè gé òkú ọ̀hún wẹ́lẹwẹ̀lẹ. Nígbà tó yá, òun àti Lisa, ọ̀rẹ́bìnrin Jeff, lọ gbẹ́ ọgbà òdòdó lóru láti wá ohun tí wọ́n sin síbẹ̀. Ohun tí Hitchcock fún un tí Mankiewicz ò fún un ni ẹ̀tọ́ láti ṣẹ̀ sí òfin ara rẹ̀. Ẹni tó lè ṣàṣìṣe nínú ìtàn ti kúrò ní agogo ìkìlọ̀, ó ti di èèyàn. Ṣé ẹ mọ̀ pé ọdún náà gan-an ni àwọn onídàájọ́ Oscar ò dárúkọ rẹ̀ rárá? Ó ti wọlé lọ́dún mẹ́rin léraléra, wọ́n sì fo èyí dá.

Ọ̀kan nínú ọdún mẹ́rin yẹn ni ti The Mating Season, 1951, tí Mitchell Leisen darí. Ẹ̀yin tí ẹ ń kọ eré aláwàdà, ẹ wá a wò. Ellen McNulty, tí Ritter ṣe, ń ta hamburger ní New Jersey. Gbèsè gba ìsọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀, ó wá ọmọ rẹ̀ ọkùnrin lọ ní Ohio, ó sì bá a níbi tó ti fẹ́ ọmọ olówó. Nígbà tó dé ẹnu ọ̀nà wọn, ìyàwó ọmọ rẹ̀ kò mọ̀ ọ́n. Ó rò pé alásè tí òun ń retí ni. Ellen ò já a nírọ́. Ó wọ ilé ìdáná ọmọ tó bí, ó sì ń dáná fún wọn bí ọmọ ọ̀dọ̀. Awàdà ni wọ́n pè é, ẹ ó sì rẹ́rìn-ín títí. Ṣùgbọ́n ẹ̀rín náà ń ta èèyàn, torí ọmọ rẹ̀ mọ̀, kò sì sọ̀rọ̀ lásìkò. Gbogbo fíìmù náà dá lórí Ritter. Òun ló gbé e láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Síbẹ̀ nígbà tí wọ́n máa fi orúkọ sílẹ̀ fún ẹ̀bùn, abẹ́ amúgbálẹ́gbẹ̀ẹ́ ni wọ́n tún fi í sí. Ìyá ọkọ di alásè nínú eré, olú ẹ̀dá-ìtàn di amúgbálẹ́gbẹ̀ẹ́ nínú ìwé. Ọ̀rọ̀ kan náà ni.

Wàyí o, a dé ibi tí mo ń bọ̀. Pickup on South Street jáde ní 1953, Samuel Fuller ló kọ ọ́ tó sì darí rẹ̀. Skip McCoy, tí Richard Widmark ṣe, ń yọ nǹkan lápò àwọn èèyàn nínú ọkọ̀ ojú irin abẹ́ ilẹ̀ New York. Ó yọwọ́ nínú báàgì obìnrin kan, ó sì bá àṣírí ìjọba pàdé, tí wọ́n ya sórí fíìmù tín-ín-rín kan tí wọ́n fẹ́ gbé fún àwọn Kọ́múnístì. Ọlọ́pàá ń wá a, àwọn Kọ́múnístì náà ń wá a. Ọ̀dọ̀ Moe ni gbogbo wọn ń gbà.

Moe ni Ritter. Ó ń ta táì kiri, ṣùgbọ́n òwò rẹ̀ gidi ni pé ó ń ta orúkọ. Bí ẹ bá sọ fún un bí wọ́n ṣe jí nǹkan yín, á sọ olè tó jí i, bí owó bá ti pé. Ó ta Skip fún ọlọ́pàá. Ó ń ná an bí ẹni ń ná ẹja lọ́jà. Ó ní ọjà ti wọ́n, owó òun náà gbọ́dọ̀ gòkè. Kí ló ń fi owó náà ṣe? Ó ń tọ́jú rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, bí ẹni ń dá àjọ, láti fi ra ibojì àti òkúta tí wọ́n máa kọ orúkọ rẹ̀ sí. Ohun tó ń bà á lẹ́rù ni Potter's Field, ilẹ̀ tí ìjọba ń sin òkú tálákà àti òkú tí kò lẹ́ni sí. Ti New York wà ní Hart Island. Láti 1869, òkú tó lé ní mílíọ̀nù kan ló ti gbà. Moe máa ń fi ṣẹ̀fẹ̀ pé bí wọ́n bá sin òun síbẹ̀, ìyẹn gan-an ló máa pa òun. Mo mọ̀ pé kò sẹ́ni tí mo ní láti túmọ̀ ọ̀rọ̀ yìí fún láàárín wa. Gbogbo wa la ní ìyá àgbà kan tó ti pa aṣọ ìsìnkú rẹ̀ mọ́ sísàlẹ̀ àpótí.

Ní ọjọ́ tó máa kú, Moe ti rìn títí. Ó padà sí yàrá rẹ̀, ó gbé àwo orin kan sórí gírámafóònù. Joey, ẹni tó ń wá fíìmù àṣírí náà, wà nínú yàrá ọ̀hún pẹ̀lú ìbọn. Ibi tí Skip ń gbé ló fẹ́ rà. Moe tó ń ta orúkọ gbogbo èèyàn kò ta èyí. Ritter kò pariwo níbẹ̀, kò sì bẹ̀bẹ̀. Ó kàn sọ pé ó ti rẹ òun, ó sì sọ ọ́ ní ohùn kan náà tó fi ń ná owó táì. Kámẹ́rà kúrò lára rẹ̀, ó lọ síbi gírámafóònù. Orin parí. Ìbọn dún.

Ẹ jẹ́ ká ro ohun tó ṣe yẹn dáadáa. Ó ti ń ta orúkọ látọjọ́ yìí kó lè ra ibojì. Orúkọ kan ṣoṣo tó kù, ó kọ̀, ó sì mọ̀ pé kíkọ̀ náà lè gbé òun lọ sí ilẹ̀ tí òun ń sá fún. Ibẹ̀ náà ni wọ́n sì ń gbé e lọ lóòótọ́. Pósí rẹ̀ ti wà nínú ọkọ̀ ojú omi pẹ̀lú ti àwọn aláìlẹ́nìkan. Skip ló lọ gbà á padà. Ẹni tó tà fún ọlọ́pàá ló wá sin ín. Fuller dá ìtàn amí dúró, ó dá ìfẹ́ dúró, ó dá ọlọ́pàá dúró, ó fún òkú ìyá oníṣòwò táì ní àyè tirẹ̀. Ẹ̀rí mìíràn tún wà pé ibẹ̀ ni ọkàn fíìmù náà wà. Nígbà tí wọ́n gbé e lọ sí ilẹ̀ Faransé, wọ́n yí ọ̀rọ̀ ẹnu wọn padà: ọ̀rọ̀ Kọ́múnístì di ọ̀rọ̀ òwò oògùn olóró. Ìtàn amí ṣeé pààrọ̀ bí ẹni pààrọ̀ bọ́tìnnì. Ikú Moe ò ṣeé pààrọ̀.

N ò lè dúró síbẹ̀ kí n máa pàtẹ́wọ́ o, torí ọ̀rọ̀ ìsìnkú yìí ní apá kejì. Ní Amẹ́ríkà ayé ọjọ́un, àwọn obìnrin dúdú ló ń ṣe ọmọ ọ̀dọ̀ jù nínú fíìmù, wọn ò sì ní irú ẹnu tí Ritter ní. Birdie lè fi ọ̀gá rẹ̀ ṣẹ̀fẹ̀ kó mú un jẹ. Wọ́n kì í sábà kọ irú gbólóhùn bẹ́ẹ̀ fún òṣèré dúdú. Ohun tí wọ́n fún wọn dáadáa ni ìsìnkú. Ní 1934, nínú Imitation of Life, Louise Beavers ṣe Delilah, tí àkàrà òyìnbó tó ń dín sọ ọ̀gá rẹ̀ di olówó. Ohun tó fẹ́ fúnra rẹ̀ kò ju òkú aláriwo lọ. Nígbà tí Douglas Sirk tún fíìmù náà ṣe ní 1959, Juanita Moore ni Annie, òun náà sì ti ṣètò ìsìnkú rẹ̀ sílẹ̀: ẹṣin funfun, òdòdó, Mahalia Jackson tó ń kọrin. Ìran kan wà ṣáájú ìyẹn tí ọ̀gá rẹ̀ ti ṣe háà pé òun ò mọ̀ pé Annie ní ọ̀rẹ́ tó pọ̀ tó bẹ́ẹ̀. Annie fohùn pẹ̀lẹ́ dá a lóhùn pé kò béèrè rí ni. Ẹ gbọ́ o: ọdún yẹn gan-an, Moore àti Ritter jọ wà nínú ìwé àwọn tó ń du Oscar. Wọ́n jọ pàdánù. Moore wà níbẹ̀ fún Annie. Ritter wà níbẹ̀ fún Pillow Talk, níbi tí wọ́n ti sọ ọ́ di ọmọ ọ̀dọ̀ tí ọtí kì í dá lójú rẹ̀. Ó ń pani lẹ́rìn-ín níbẹ̀, ṣùgbọ́n bó bá kúrò nínú ìtàn, ìtàn ò ní mọ̀.

Hattie McDaniel ló wá dùn mí jù. Òun ni èèyàn dúdú àkọ́kọ́ tó gba Oscar, ní 1940, fún Gone with the Wind. Ẹ̀bùn tí wọ́n fi du Ritter lẹ́ẹ̀mẹfà ni. Tábìlì tiẹ̀ wà lọ́tọ̀ lálẹ́ ọjọ́ náà nítorí àwọ̀ rẹ̀. Nígbà tó kú ní 1952, ó ti sọ pé Hollywood Cemetery ni kí wọ́n sin òun sí. Wọ́n kọ̀, torí wọn kì í sin òkú èèyàn dúdú síbẹ̀. Rosedale ló sùn sí. Ìgbà tó di 1999 ni wọ́n tó gbé òkúta ìrántí rẹ̀ kalẹ̀ níbi tó fẹ́. Ẹ wo ọdún náà: McDaniel kú ní 1952, Pickup on South Street jáde ní 1953. Moe, tí wọ́n fi tádàwà lásán dá, ní ẹni tó lọ gba pósí rẹ̀ kó lè sùn sí ilẹ̀ rere. McDaniel, tí ẹran ara bí, tí gbogbo ayé mọ̀, kò rí ilẹ̀ tó tọrọ. Àwọn àgbà ní ọjọ́ a bá kú là á dère. Bí wọ́n bá gbà yín láyè láti wọ ìtẹ́ òkú nìyẹn o.

Mi ò sọ èyí láti fi gba ògo lọ́wọ́ Ritter. Mo sọ ọ́ nítorí pé ó fi hàn pé ohun tí Fuller ṣe kò kéré. Ẹni tó jẹ́ pé láyé gan-an, wọ́n lè fi ilẹ̀ ẹsẹ̀ bàtà mẹ́fà dù ú, ẹni bẹ́ẹ̀ ni ìtàn lè gbàgbé láìsí ẹni tó máa bínú.

Ọ̀rẹ́ mi kan nínú ẹgbẹ́ yìí ti sọ fún mi pé ohun kan ṣoṣo ni Ritter mọ̀ ọ́n ṣe, pé ìyá ẹlẹ́nu mímú kan náà ló ń gbé káàkiri. Ó dáa. Ẹ wo Birdman of Alcatraz, 1962, ti John Frankenheimer. Níbẹ̀, ó jẹ́ ìyá Robert Stroud, ẹlẹ́wọ̀n tí Burt Lancaster ṣe. Ó jà títí wọn ò fi so ọmọ rẹ̀ kọ́. Ṣùgbọ́n nígbà tí obìnrin mìíràn wọ ayé ọmọ náà, ìfẹ́ ìyá yìí di ẹ̀wọ̀n kejì, ó sì kẹ̀yìn sí ìjà ìtúsílẹ̀ rẹ̀. Kò sí ẹ̀fẹ̀ kan níbẹ̀. Ojú kan náà, ohùn Brooklyn kan náà, ṣùgbọ́n ẹ ó máa bẹ̀rù rẹ̀. Bí ẹ bá sì ní ó ń bẹ lábẹ́ ẹlòmíì nígbà gbogbo, orí ìtàgé ńkọ́? Ní 1958, wọ́n fún òun àti Gwen Verdon ní ẹ̀bùn Tony papọ̀, fún New Girl in Town, eré olórin. Ẹ̀bùn olú òṣèrébìnrin ni o, kì í ṣe ti amúgbálẹ́gbẹ̀ẹ́. Obìnrin kan náà ni. Ẹni tó ń lẹ orúkọ mọ́ ọn ló yí padà.

Nítorí náà, ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ fún wa ní eré oníṣe tàbí ìtàn kékeré fún àtẹ̀jáde tó ń bọ̀, ohun tí mo ń bẹ̀ yín fún kò pọ̀. Ẹ padà wo ọmọ ọ̀dọ̀ tó gbé omi wọlé ní ojú ewé kejì. Ṣé ó lórúkọ? Níbo ló ń sùn? Kí ló ń tọ́jú owó rẹ̀ dè? Bí ẹ bá fẹ́ fi òótọ́ ìtàn sí i lẹ́nu, kò burú, ṣùgbọ́n ẹ má ṣe gbàgbé rẹ̀ sí ilé ìdáná lẹ́yìn tó bá ti sọ ọ́ tán. Ẹ jẹ́ kó ṣàṣìṣe bíi Stella. Ẹ jẹ́ kó kọ̀ bíi Moe. Bó bá sì di dandan kó kú, ẹ wá ẹni tó máa lọ gba pósí rẹ̀ lọ́nà.